Ta Ni Ó Ní Kí Yorùbá Fi Adùn Sílẹ̀?

Oòrùn Kasuwar Kara, ọjà ẹran ìlú Ṣókótó, kò mọ ẹni tó wá ra àgbò Iléyá yàtọ̀ sí ẹni tó wá tà á. Bí òùngbẹ bá gbẹ ará Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ná ẹran níbẹ̀, ọ̀dọ̀ onífúrá ló máa yà sí. Obìnrin náà á rún ìṣù jéró sínú igbá, á da nọ́nò, wàrà kíkan, lé e, á fi ahá rò ó títí yóò fi ki, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ á kọrí sí ike ṣúgà. Bí oníbàárà bá jẹ́ ẹni tí dókítà ti ní kó jáwọ́ nínú ṣúgà, "Babu sukari" ló lè kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ohun tó sọ gan-an ni pé kò sí ṣúgà. "Akwai!" ni obìnrin náà á fi dá a lóhùn, pé ó wà ńkọ́, ṣíbí méjì á sì ti wọnú igbá. "Kada ki sa sukari," má fi ṣúgà sí i, ni ì bá ti sọ.

Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera ní Yorùbá ń kó sí irú pańpẹ́ yìí lemọ́lemọ́. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Kò sẹ́ni tó rán an sí ilé ìdáná.

Ọmọ ìyá ni ṣúgà àti sukari. Śarkarā ni Sanskrit, èdè àtijọ́ ní Íńdíà, ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òkúta wẹ́wẹ́. Lárúbáwá sọ ọ́ di sukkar, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilẹ̀ Hausa. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ gbé e gba ojú òkun wá bá Yorùbá. Kí ṣúgà tó gbòde, àwọn àgbà ti wo bó ṣe funfun wóró wóró, wọ́n sì pè é ní iyọ̀ òyìnbó. Ará Íńdíà rí òkúta, Yorùbá rí iyọ̀.

Èyí tó le ni bí a ó ṣe sọ pé ilé iṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ lára ṣúgà náà. Ilé iṣẹ́ ìfọpo ni àwọn oníròyìn ń pe ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, nítorí náà "ṣúgà fífọ̀" kò ṣòroó ṣẹ̀dá. Ó tilẹ̀ bá iṣẹ́ náà mu: wọ́n á fọ omi dúdú ìrèké kúrò lára ṣúgà pupa, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì jẹ́ kó tún dì ní wóró funfun. Ṣùgbọ́n ta ló ń sá fún ohun tí wọ́n ti fọ̀? Ẹni tó bá kà á pé kí òun yẹra fún ṣúgà fífọ̀ lè máa wá èyí tó dọ̀tí kiri. "Ṣúgà funfun" tó wà lẹ́nu ọlọ́jà sàn jù. Kò yìn ín, kò bú u.

Síbẹ̀, funfun nìkan kọ́ ni dókítà ń bá wí. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà má ṣe kó ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ ń fún ara lọ, pé bí kò bá tó ìdá 5, ó tún dára sí i. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíráàmù 25 lójúmọ́, bíi ṣíbí ìmutíì mẹ́fà. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 35 cl tó bá ní gíráàmù 10 nínú mílílítà 100 ti kọjá ibẹ̀. Àjọ náà ka oyin àti omi èso mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni mazarkwaila, ṣúgà pupa tí àwọn Hausa ń sè láti inú omi ìrèké, kò mórí bọ́.

Ibí ni "ṣúgà àfikún" tí olùkọ̀wé lè fẹ́ lò ti já sí òfo, nítorí kò sí Yorùbá tó ń pe oyin ní ṣúgà. "Adùn àfikún" ló lè kó gbogbo wọn pọ̀. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ: wọ́n á fi oyin kan ọmọ tuntun lẹ́nu, wọ́n á na ìrèké sókè, wọ́n á ní kí ayé rẹ̀ dùn. Ta ni yóò wá dìde láàárín àwọn àgbà, kó ní kí wọ́n dín adùn kù? Èpè ni wọ́n á kà á sí. Kí olùkọ̀wé má ṣe yọ "àfikún" yẹn sílẹ̀ láéláé. Òun ló yọ ọ̀rọ̀ náà nínú èpè.

Orúkọ àìsàn tó ń mú kí dókítà ka ṣúgà léèwọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ciwon sukari, àìsàn ṣúgà, ni Hausa ń pè é, ọ̀pọ̀ Yorùbá náà sì ń sọ pé ìtọ̀ ṣúgà. Orúkọ yìí ló ń mú ẹni tó ti fi ṣúgà sílẹ̀ máa gbé òkèlè iyán ràgàjì láìbẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ inú ara ni iyán àti gàrí ti ń di ṣúgà. Àtọ̀gbẹ dára jù. Ìtọ̀ àtọ̀ìdákẹ́ tó ń gbẹ ènìyàn ló ń sọ, ó sì jọ ohun tí àwọn Gíríìkì rí tí wọ́n fi pè é ní diabetes, ohun tó ń ṣàn kọjá.

Ó ku oúnjẹ tí kò ní ṣúgà. "Ó tẹ́" ni Yorùbá ń sọ nípa ohun tí kò dùn lẹ́nu, "ó tẹ́" náà la sì ń sọ nípa ẹni tí ojú tì. "Lásán" kò sàn jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀, nọ́nò tí kò ní ṣúgà kò tẹ́ rárá: ó kan, atalẹ̀ àti kànáfùrù inú fúrá sì ń ta lábẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bá béèrè fúrá tó ń ta àti nọ́nò kíkan kò ní nílò láti dárúkọ ṣúgà.