Góòlù 36 Nínú Òjò: Ìtàn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Arbroath

Ohun mẹ́ta ni ìlú Arbroath, tí ó wà létí Òkun Àríwá ní ìlà-oòrùn Scotland, fi ń yangàn: lẹ́tà òmìnira tí àwọn ìjòyè ilẹ̀ náà kọ sí Póòpù ní 1320, ẹja haddock tí wọ́n ń fi èéfín igi yan, àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1878. Òpìtàn tí ó bá gbọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà.

Gayfield, pápá ìṣeré ẹgbẹ́ náà, sún mọ́ òkun tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì fi máa ń ta omi sí àwọn òǹwòran lára nígbà tí ìjì bá ń jà. Ní 1884, nígbà tí Arbroath fi góòlù 4 sí 3 na Rangers, ẹgbẹ́ ńlá láti Glasgow, nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ Scotland, àwọn Rangers kò gba kámú. Wọ́n yọ okùn ìwọ̀n, wọ́n sì fi hàn pé ìbú pápá náà dín díẹ̀ sí 50 yáàdì tí òfin béèrè. Wọ́n tún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà gbá, Rangers sì fi góòlù 8 sí 1 gbẹ̀san.

Ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, 1885 ni ògo ẹgbẹ́ náà dé òkè téńté, nígbà tí ẹgbẹ́ Bon Accord wá láti Aberdeen bá wọn nínú ìdíje kan náà. Góòlù 15 ni Arbroath gbá wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi, 21 sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ìsinmi; John Petrie nìkan gbá 13 nínú rẹ̀. Nítorí pé àwọ̀n tí ó ń dá bọ́ọ̀lù dúró lẹ́yìn òpó kò tíì sí láyé ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n ń sáré lọ wá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn góòlù kọ̀ọ̀kan, bóyá ìyẹn nìkan ni ó sì ṣàánú àwọn àlejò, yàtọ̀ sí rẹfirí, tí ó wọ́gi lé góòlù mélòó kan. Ní ti Jim Milne, aṣọ́lé Arbroath, wọ́n ní kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá, àti pé abẹ́ agboorùn òǹwòran kan ni ó fara pamọ́ sí; nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù ọjọ́ náà, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ pé òun nìkan ni òjò kò pa.

Ohun tí ó bu omi sí ayọ̀ náà díẹ̀ ni pé, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, ẹgbẹ́ Dundee Harp na ẹgbẹ́ Aberdeen Rovers ní 35 sí òdo. Wọ́n ní 37 ni rẹfirí kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé Harp, tí òtítọ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù, ní 35 ni òun kà, rẹfirí sì gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olóòótọ́ kan ṣe fi ipò kìíní ta Arbroath lọ́rẹ, tí ìlú Aberdeen sì gba góòlù 71 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lóòótọ́, ní 2002, ẹgbẹ́ AS Adema ní Madagascar borí pẹ̀lú góòlù 149 sí òdo, ṣùgbọ́n àwọn alátakò wọn ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn láti fi ẹ̀hónú hàn sí rẹfirí. Ó ṣòro kí a tó rí ará Arbroath tí yóò ka ìyẹn sí bọ́ọ̀lù: góòlù tí ẹnikẹ́ni kò torí rẹ̀ sáré nínú òjò, góòlù wo nìyẹn?