Bí Ojú Ènìyàn Ṣe Di Kọ́kọ́rọ́ Fóònù

Àwọn Yorùbá a máa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ a máa wo ojú ẹni tí ń sọ ọ́; ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ilé tí àlejò ti wá a máa wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ènìyàn nìkan kọ́ ni ó ń wo ojú ènìyàn mọ́. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jí ní òwúrọ̀, kí wọ́n tó kí ará ilé wọn, wọn a ti gbé fóònù sókè. Fóònù náà a wò wọ́n lójú, a mọ̀ wọ́n, a sì ṣí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan ni, bẹ́ẹ̀ ni ó gba àwọn onímọ̀ ní ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí ó tó di ohun tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn ń tẹ̀. Ìtàn ẹ̀kọ́ ni ìtàn náà: bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ láti mọ ojú, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí irú ojú wọn kò pọ̀ nínú ìwé tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kà.

Kí ẹ̀rọ tó dé ni ojú ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé ẹ̀rí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, olóòlà a máa fi abẹ kọ ilà sí ojú ọmọ: abàjà, pélé, gọ̀mbọ́, kẹ́kẹ́, ture àti irú wọn mìíràn. Samuel Johnson to àwọn ilà náà lẹ́sẹẹsẹ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ilà a máa fi ìlú àti ìdílé ẹni hàn, ó sì wúlò púpọ̀ ní ìgbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú káàkiri. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá gba àwọn ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, tí ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró, àwọn akọ̀wé ibẹ̀ a máa kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn, gíga wọn àti àmì ara wọn sínú ìwé ńlá. Báyìí ni ojú tí ará ilé fi ń mọ ara wọn ṣe di ohun tí ìjọba ń kọ sílẹ̀ láti fi dá àjèjì mọ̀. Ilà kíkọ ti dínkù gidigidi láti ìgbà náà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 sì ka kíkọ àmì sí ara ọmọdé léèwọ̀.

Ní ìlú Paris, ní nǹkan bí ọdún 1883, akọ̀wé ọlọ́pàá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alphonse Bertillon sọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ìṣirò. Ó ń wọn orí, apá, ẹsẹ̀ àti ìka àwọn tí ọlọ́pàá mú. Lẹ́yìn náà ni ó fi fọ́tò iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ ojú kún un. Èrò rẹ̀ ni pé ọ̀daràn lè pa orúkọ dà, ṣùgbọ́n kò lè pa ìwọ̀n egungun rẹ̀ dà. Láti ìgbà náà ni èrò pé a lè fi nọ́ńbà rọ́pò ojú ti wọ inú ayé.

Ọdún 1964 àti 1965 ni èrò náà bọ́ sí ọwọ́ kọ̀ǹpútà. Ní Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Woodrow Bledsoe, Helen Chan Wolf àti Charles Bisson gbìyànjú láti mú kí kọ̀ǹpútà fi fọ́tò kan wé òmíràn. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò lè dá rí ibi tí imú tàbí ẹnu wà. Ènìyàn ni ó ń jókòó, tí ó ń tọ́ka sí ẹyinjú, igun ojú àti ibi tí irun orí ti bẹ̀rẹ̀. Láti ara àwọn àmì wọ̀nyí ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò ìwọ̀n 20, irú bí fífẹ̀ ẹnu àti àlàfo àárín ẹyinjú méjèèjì. Nǹkan bí àwòrán 40 ni òṣìṣẹ́ kan lè ṣe ní wákàtí kan. Bledsoe kò fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́: orí a máa yí, ìmọ́lẹ̀ a máa yàtọ̀, ojú a máa rẹ́rìn-ín tàbí kí ó fà ro, ènìyàn a sì máa dàgbà. Ohun tí ìyá ń ṣe lójú fìtílà nígbà tí ó bá mọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ ogún, ẹ̀rọ kò lè ṣe é ní ọ̀sán gangan.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìṣòro náà ń yanjú. Ní ọdún 1973, Takeo Kanade ní Yunifásítì Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànù ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè wá imú, ojú àti ẹnu fúnra rẹ̀ láìsí pé ènìyàn tọ́ka sí wọn. Ní ọdún 1991, Matthew Turk àti Alex Pentland ní MIT ní Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀rọ láti wo ojú lódindi, kí ó sì mọ ohun tí ojú kan fi yàtọ̀ sí àpapọ̀ ojú púpọ̀. Ní ọdún 2001, Paul Viola àti Michael Jones rí ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi lè yára rí ibi tí ojú wà nínú àwòrán. Nígbà tí ó sì di ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Facebook kéde ètò kan tí ó gba 97.35 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò ojú mímọ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ènìyàn dọ́gba.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá rí máàkì bẹ́ẹ̀ yóò béèrè irú ìbéèrè tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Àkójọ àwòrán 13,233 tí wọ́n ti kó jọ ní ọdún 2007 láti inú ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìbéèrè ọ̀hún. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àkójọ náà wò, wọ́n fojú bù ú pé ó ju ìdá 77 lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ó jẹ́ ojú ọkùnrin, ó sì ju ìdá 83 lọ tí ó jẹ́ ojú aláwọ̀ funfun. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gba máàkì gíga, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n bi í.

Ní àkókò yìí, ojú ti di kọ́kọ́rọ́. Ní ọdún 2011, Google fi ojú ṣíṣí fóònù sínú Android 4.0, fóònù Galaxy Nexus ni ó sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Kámẹ́rà lásán ni ó ń lò, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé fọ́tò ẹni tí ó ni fóònù lè ṣí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni Apple bẹ̀rẹ̀ sí ta iPhone X, tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Fóònù yìí ń da ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tí ó ju 30,000 lọ sí ojú ẹni, irú ìmọ́lẹ̀ tí ènìyàn kò lè rí, kí ó lè mọ òkè àti kòtò ojú náà. Nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, fọ́tò pẹlẹbẹ kò sì lè tàn án. Inú fóònù fúnra rẹ̀ ni ó ń pa nọ́ńbà ojú náà mọ́ sí. Apple ní ọ̀kan ṣoṣo nínú mílíọ̀nù kan ni àjèjì tí ojú rẹ̀ lè ṣí fóònù ẹlòmíràn, nígbà tí ti ìtẹ̀ka jẹ́ ọ̀kan nínú 50,000.

Àwọn tí ó ṣe é fúnra wọn fi kún un pé ìṣirò yìí yàtọ̀ fún àwọn ìbejì, fún ọmọ ìyá tí ó jọra, àti fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 13. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìwádìí Patrick Nylander fi hàn pé ní Igbó-Ọrà, ìbímọ tí ó ju 40 lọ nínú 1,000 ni ó jẹ́ ti ìbejì, ọ̀kan nínú èyí tí ó ga jù lọ ní gbogbo ayé. Níbi tí Táyé àti Kẹ́hìndé bá ti ń gbé ilé kan náà, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni wọ́n lè máa gbé kiri.

Ìbejì jọra ní tòótọ́. Ohun tí ó wúwo jù ni ti àwọn tí kò jọra, tí ẹ̀rọ sì sọ pé wọ́n jọra. Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà kan kọ̀ láti rí ojú rẹ̀. Ìgbà tí ó fi ìbòjú funfun bo ojú ni ẹ̀rọ náà tó mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ní ọdún 2018, òun àti Timnit Gebru fi àwòrán àwọn aṣòfin 1,270 láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ní Áfíríkà àti mẹ́ta ní Yúróòpù dán ètò ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, bóyá wọ́n lè fi ojú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Lórí ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe èyí tí ó ṣe jù kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe náà dé 34.7.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n, gbé ìwádìí tí ó tóbi jù èyí jáde. Ètò kọ̀ǹpútà 189 ni wọ́n yẹ̀ wò pẹ̀lú àwòrán ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, àwọn ará Nàìjíríà, Gánà àti Làìbéríà sì wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ ètò náà, fífi ẹnìkan pe ẹlòmíràn pọ̀ jù lórí ojú àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ó sì kéré jù lórí ojú àwọn ará Ìlà-Oòrùn Yúróòpù. Ìyàtọ̀ náà a máa tó ìlọ́po mẹ́wàá, nígbà mìíràn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, àwọn ètò kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà kò ṣi ojú àwọn ará Ìlà-Oòrùn Éṣíà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú àwọn ènìyàn náà kò yí padà. Ó jọ pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún ẹ̀rọ ni ó yàtọ̀. Ìwádìí náà kì í ṣe ti fóònù ní pàtó, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ètò kò burú bákan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó túmọ̀ sí fún àgádágodo hàn gbangba: èyí tí ó bá ń fi ẹnìkan pe ẹlòmíràn yóò ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kì í ṣe onílé.

Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ wá mọ àléébù yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ojú dúdú kiri. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìwé ìròyìn New York Daily News ròyìn pé àwọn tí Google gba iṣẹ́ náà fún ń ya ojú àwọn aláwọ̀ dúdú, títí kan àwọn aláìnílé ní ìlú Atlanta, fún ẹ̀bùn dọ́là márùn-ún, láìjẹ́ kí òmíràn nínú wọn mọ ohun tí wọ́n ń yà á fún. Google dá iṣẹ́ náà dúró láti wádìí rẹ̀. Ohun rere ni kí ẹ̀rọ mọ gbogbo ojú. Ohun búburú ni kí wọ́n fi ẹ̀tàn gba ojú lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 2020 tún fi ààlà ẹ̀rọ náà hàn. Ìbòmú bo imú àti ẹnu, fóònù kò sì mọ olówó rẹ̀ mọ́. Ọdún 2022 ni Apple tó mú kí iPhone 12 àti àwọn tí ó tẹ̀lé e máa fi agbègbè ẹyinjú nìkan mọ ènìyàn. Nọ́ńbà àṣírí, tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ni gbogbo wọn sá padà sí. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí bí olè bá mọ nọ́ńbà ẹni, ẹni a pa á dà. Ojú kò ṣe é pa dà, kò sì sí ọjọ́ kan tí ènìyàn kì í gbé e jáde sí gbangba. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ṣì wà tí ó jẹ́ kámẹ́rà lásán ni wọ́n fi ń wo ojú, bíi ti ọdún 2011. Ẹni tí owó báǹkì rẹ̀ bá wà nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà àṣírí ni kí ó fi tì í.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àgádágodo tí ń wo ojú kò yàtọ̀ sí ọmọ náà. Irú ojú tí wọ́n bá fi hàn án ni yóò mọ̀. Èyí tí wọn kò bá fi hàn án tó, yóò kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, tàbí kí ó ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn ní orúkọ rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lónìí, kí wọ́n má ṣe kọ́ bí wọn yóò ti lò ó nìkan. Kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n lè wà lára àwọn tí yóò máa kọ́ ẹ̀rọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́la.