Lẹ́tà Àfọwọ́kọ Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Bí alfa kan bá kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ṣí àpótí ìwé rẹ̀, wọ́n sábà máa ń bá lẹ́tà níbẹ̀: èyí tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ, èyí tó jẹ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọ́n fi àńjẹ̀mí kọ, èyí tí ọmọ ilé tó lọ ṣòwò ní Gánà fi ránṣẹ́ sílé. Nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni a ti lè rí gbèsè tí ẹnì kan jẹ, ilẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún mọ́sálásí, tàbí orúkọ ọmọ tí àwọn ará ilé kò mọ̀. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrátùl Bàkọrà, áyà 282, pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Bí ìwé náà bá run lọ́wọ́ àwọn ajogún, ẹ̀tọ́ ẹlòmíì lè bá a lọ.

Àwọn ilé kan máa ń kó gbogbo ìwé olóògbé jọ, wọ́n á sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, nítorí pé orúkọ Ọlọ́hun wà nínú rẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò mọ Lárúbáwá kà, ìwé àdúà àti ìwé gbèsè jọ ara wọn. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ná.

Bébà lè pẹ́ láyé gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ní ìlú Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Brazil, dìde sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, láti ara ọ̀rọ̀ wa Ìmàle, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn ìwé Lárúbáwá tí ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ wọn ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bàhíà títí di òní. Lẹ́tà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè parun ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó fẹ́ tún un ṣe. Nítorí náà, ìlànà kan ló ṣáájú gbogbo ìlànà yòókù: ohun tí a kò bá ní lè tú kúrò lára bébà lọ́jọ́ iwájú, kí a má ṣe é sí i.

Ẹ mọ tàdáwà kí ẹ tó mú omi wá

Ẹni tó bá lọ ilé kéwú mọ̀ pé omi la fi ń fọ tàdáwà kúrò lára wàláà. Bí hàntú ṣe ń di mímu náà nìyẹn. Dúdú ẹ̀yìn ìkòkò tàbí èédú lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ oje igi ni. Oòrùn kì í ṣá a, kì í sì í jẹ bébà, àmọ́ aṣọ tútù kan péré lè nu lẹ́tà tí wọ́n fi kọ di funfun.

Tàdáwà kejì ni èyí tí wọ́n fi irin ṣe, tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì àwọn òyìnbó láyé ìjọba amúnisìn. Á dúdú nígbà tí wọ́n kọ ọ́, bó bá pẹ́, á di rúsúrúsú bí ìpẹtà. Ásíìdì inú rẹ̀ máa ń jẹ bébà títí ibi tí kálámù kọjá á fi lu. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú ọ̀rọ̀ kọjá, ẹ má ká a, ẹ má sì jẹ́ kí omi kàn án, nítorí omi á tan jíjẹ náà dé ibi tí wọn kò kọ nǹkan kan sí. Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìyẹn. Bí ẹ kò bá dá tàdáwà mọ̀, ẹ ṣe bíi pé omi máa fọ̀ ọ́.

Bébà náà yàtọ̀ síra. Èyí tí wọ́n fi àkísà òwú ṣe láyé àtijọ́ lágbára ju èyí tí wọ́n fi igi ṣe lẹ́yìn náà lọ. Ọ̀pọ̀ bébà tí àwọn alfa ilẹ̀ wa lò tẹ́lẹ̀ wá láti Ítálì. Bí ẹ bá gbé òmíràn síwájú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwòrán oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀. Bébà igi ló ń pọ́n, tó sì ń kán bí ewé gbígbẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́

Fọ́tò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà, tojú tẹ̀yìn, pẹ̀lú àpòòwé. (Ẹ má ju àpòòwé nù, ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ẹ ní.) Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kó má sí ìpara níbẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aṣọ, torí ìka inú rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó ń ya bébà.

Ẹ tẹ́ bébà funfun tó mọ́ sórí tábìlì. Bí lẹ́tà bá rọ̀, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sáàárín bébà méjì, kí ẹ gbé ìwé ńlá lé e fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ń dún pàpà, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má lọ̀ ọ́ rárá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tuntun ni kẹ́ ẹ fi gbá eruku, láti àárín lọ sí etí.

Ibi tó ya ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Sẹ́lótéèpù máa ń pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọnú bébà, kò sì ní jáde mọ́. Èyí tó ti wà lára lẹ́tà, ẹ má fà á ya. Ẹ̀kọ àti gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun ńkọ́? Aáyán á fi jẹun alẹ́. Ohun tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń lò ni bébà Japan tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, tó fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tó yi, pẹ̀lú ṣítáàṣì àlìkámà tí wọ́n ti yọ ohun tó ń fà nínú rẹ̀ kúrò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya bébà náà, kì í ṣe sísáàsì, ní fífẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kí etí rẹ̀ lè ní irun tó máa di lẹ́tà mú. Wọ́n á se ṣítáàṣì náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi díẹ̀ pa á, wọ́n á dúró kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ibi tó ya. Bébà tí kì í lẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń yan kéèkì, á bò ó, wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Bí ọ̀nà mìíràn bá dé lọ́jọ́ iwájú, omi díẹ̀ á tú u. Ẹ fi bébà tí kò níláárí kọ́ ọ ná, ẹ má sì dán an wò níbi tí tàdáwà wà.

Láámínéètì ló burú jù. Iná ni wọ́n fi ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀ wọnú bébà, kò sì sí bí a ṣe lè bó o. Bí ọ̀rọ̀ ogún bá délé ẹjọ́, ẹni tó fẹ́ yẹ tàdáwà wò, ọ̀rá ni yóò máa wò. Bákan náà, ẹ má fi báírò tọ ojú ọ̀rọ̀ tó ń ṣá. Ó ti di ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rí ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibi tí a ó fi sí

Òkè àjà gbóná, ilẹ̀ ní ikán, ara ògiri ìta ní ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ebu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù, afẹ́fẹ́ Èkó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ lákòókò òjò. Yàrá àárín ilé ló dára, nínú àpótí tó ní ìdérí, kí lẹ́tà nà gbalaja nínú àpò pọ́líẹ́sítà tó mọ́ gaara. Ọ̀rá tó ń rùn bíi ráḅà tuntun kò dára fún un. Bí kánfọ̀ bá wà nítòsí, kó má kan bébà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Bí kòkòrò bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n máa ń di í sínú ọ̀rá pípé, wọ́n á fi sínú fírísà tó tutù dé −20 °C fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sì ní ṣí ọ̀rá náà títí òtútù á fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti ṣe é nílé.

Ilé iṣẹ́ tó ń kó ìwé Lárúbáwá jọ ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1960, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara náà sì ní tirẹ̀ fún àwọn ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Kí ẹ tó gbé lẹ́tà jáde nílé lọ síbikíbi, ẹ ka iye ojú ewé rẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ gbà á, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n buwọ́ lù pé ó ti wà lọ́wọ́ wọn.