Oko Ilé-Ìwé: Ẹ̀kọ́ Ni Tàbí Ìyà?

Kí ilé-ìwé tó dé, ọmọ tí ó bá tẹ̀ lé baba rẹ̀ lọ sí oko ni ó ń mọ orúkọ igi àti ewé, àti ilẹ̀ tí iṣu fẹ́. Nígbà tí ìwé dé, ọmọ jókòó sínú iyàrá, ẹ̀kọ́ oko sì di ohun ẹ̀yìn.

Àwọn aláṣẹ pàápàá rí àléébù yìí. Ní ọdún 1922, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà, tí ó yẹ ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà wò, sọ pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bá ìgbésí ayé àwọn ọmọ mu. Ní ọdún 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi irú èrò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìlànà tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ìlú ni ó yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ilé-ìwé, oko sì wà lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ni a ba nǹkan jẹ́. Ọmọ tí ó pẹ́ dé, a ní kí ó lọ roko. Èyí tí ó pariwo, a fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Èmi náà ṣe é, mo jẹ́wọ́. Àwọn òbí wá ń ráhùn pé àwọn kò torí ọkọ́ fi ọmọ sí ilé-ìwé. Wọn kò jẹ̀bi: ọmọ tí a fi ilẹ̀ jẹ níyà, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ilẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Kí ọmọ fa ẹ̀wà kan tu, yóò rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Nínú kókó wọ̀nyí ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ti ń sọ èròjà inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ewéko. Nígbà náà ni yóò mọ̀ pé ọgbọ́n ni àwọn baba wa fi ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo. Kí ó gbójú sókè wo ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ: akọ ni ó ń hun ìtẹ́, abo a sì wá yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ a tú u, a tún òmíràn hun.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, ìsọ̀ àti ilé ń jẹ ilẹ̀ ilé-ìwé lọ díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa wọn èyí tí ó kù fún wa, kí a mọ ọgbà yí i ká, kí a sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ní ti àwa olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a wá ìyà mìíràn fún ọmọ tí ó pẹ́ dé.