Bí Ìgbà Bá Yí, Ǹjẹ́ Àdéhùn Lè Yí?

Àwọn àgbà ní ìgbà ò lọ bí òréré. Àdéhùn ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ohun tí a sọ lánàá dúró di ọ̀la. Bí nǹkan bá wá yí padà lẹ́yìn tí ènìyàn méjì ti jọ fọwọ́ síwèé, ta ni yóò ru àdánù rẹ̀? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ ni àwọn adájọ́ fi ń kọ́ òfin àdéhùn díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 1647, nínú ẹjọ́ Paradine àti Jane, àwọn ọmọ ogun lé ẹnì kan kúrò lórí ilẹ̀ tó háyà, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ní kó san owó ilẹ̀ náà pé. Ọdún 1863 ni ọ̀nà là. Iná jó gbọ̀ngàn tí Taylor háyà lọ́wọ́ Caldwell kó tó di ọjọ́ orin. Adájọ́ Blackburn ní àdéhùn náà ti parí, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè ìlérí mọ́. Òfin àwọn ará Róòmù, tí í ṣe orísun òfin Faransé, wà lára ohun tó tọ́ka sí.

Ní ilẹ̀ Faransé, ìwé òfin ọdún 1804 ní àdéhùn tó bófin mu jẹ́ òfin fún àwọn tó ṣe é. Ẹjọ́ ipadò Craponne dán ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́dún 1876. Láti nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti dá iye owó omi táwọn àgbẹ̀ yóò máa san, kò sì tó tún ipadò náà ṣe mọ́. Ilé-ẹjọ́ kan fi kún owó náà, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e pé adájọ́ kò láṣẹ láti yí àdéhùn padà nítorí ìgbà. Ọdún 2016 ni òfin tuntun gba adájọ́ láyè láti tún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Títí dòní, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè ní àdéhùn ti parí, ṣùgbọ́n kì í tún un kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ààlà lọ́dún 1889, ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìyá kan náà wá ń ṣe àdéhùn lábẹ́ òfin tí gbòǹgbò wọn yàtọ̀.

Lójú tèmi, ọ̀nà tí Faransé gbà lọ́dún 2016 sàn jù, nítorí ó kọ́kọ́ ní kí àwọn méjèèjì padà jókòó sọ̀rọ̀ kí adájọ́ tó dá sí i.