Primaquine àti Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Gbà Á

Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn dókítà Yunifásítì Chicago ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán òògùn ibà wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n Stateville, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà. Primaquine wà lára àwọn òògùn náà. Ó ń pa kòkòrò ibà vivax tó sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, ìjọba sì nílò rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó ń ti Kòríà bọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lò láìsí wàhálà sọ ìtọ̀ àwọn mìíràn di dúdú, ibà pọ́njú hàn lójú wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn sì já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n buwọ́ lùwé lóòótọ́, àmọ́ ta ló lè sọ pé ẹni tó wà ní àhámọ́ lómìnira láti kọ̀? Gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn ìmọ̀ ìṣègùn.

Níbo gan-an ni àléébù náà wà? Ọ̀nà tí wọ́n gbà wádìí rẹ̀ ní 1954 wú mi lórí púpọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí primaquine ń ṣe ní jàǹbá, wọ́n fi chromium onítànṣán sàmì sí sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀, wọ́n fà á sí ẹni tí òògùn náà kì í ṣe ní nǹkan kan lára, wọ́n wá fún onítọ̀hún ní primaquine. Sẹ́ẹ̀lì àlejò túká, ti onílé dúró digbí. Nígbà tí wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì tó dára sí ara ẹni tí òògùn náà ń bá jà, kò túká. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀ ni àléébù wà. Ní 1956, Carson, Alving àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dárúkọ ohun tó dín kù níbẹ̀: ẹ́ńsáìmù G6PD. Òun ni sẹ́ẹ̀lì pupa fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ nígbà tí òògùn bíi primaquine bá fẹ́ bà á jẹ́.

Àwọn ìyá ló ń gbé àìtó yìí fún ọmọkùnrin. Láàárín àwọn Yorùbá, ó wà lára nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún. Ìbàdàn ni Lucio Luzzatto, ará Ítálì, wà nígbà tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1969 pé, lára obìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, kòkòrò ibà kì í pọ̀ nínú èyí tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ibà ló jẹ́ kí àléébù náà pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ní 1977, Rawlins àti Thompson pín ìjàǹbá òògùn sí méjì: A, tó ń tẹ̀lé iṣẹ́ òògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, àti B, tó ń dé láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ka ti primaquine mọ́ B. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá, torí bí ìwọ̀n bá ṣe pọ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń túká tó, ẹni tó bá sì yẹ G6PD wò ti mọ ẹni tó máa kàn.

Síbẹ̀ a ò tètè kọ́gbọ́n. Ní 2008 ni wọ́n kó Lapdap, òògùn ibà tí dapsone wà nínú rẹ̀, kúrò lọ́jà, torí ó ń tú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn kò tó ká.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ yẹ G6PD aláìsàn wò kí ẹ tó kọ primaquine tàbí dapsone fún un. Ẹ sì sọ fún àwọn ìyálọ́mọ pé kí wọ́n má ṣe kó kàfúrà sáàárín aṣọ ìkókó, torí òun náà lè tú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó ká.