Ọdẹ Orí Nínú Yàrá Wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí ẹnì kan bá ní ìwé ń da òun lórí rú, ẹ̀rín la máa ń rín. A ó ní, "Ọ̀lẹ!" Èmi náà wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, títí di ọdún tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ń gbé yàrá. Ó ti gboyè àkọ́kọ́, ó ń kàwé fún oyè kejì, ó sì ń wá máàkì tí yóò fi gba fọ́ọ̀mù Direct Entry wọ ẹ̀ka ìṣègùn. Ojoojúmọ́ ló ń kàwé mójú. Kọfí ni oúnjẹ alẹ́ rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ó gbé ìwé kalẹ̀, ó ní, "Àbúrò, mò ń rí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò wọlé mọ́. Orí ń jó mi. Ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀."

Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu ni ọdẹ orí. Bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń pè é nìyẹn. Mo bá lọ tú ìwé wò.

Lọ́dún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti ìlú òyìnbó dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn Àrò. Wọn ò tíì kọ́ ilé náà tán, kò sì tìtorí ìyẹn dúró. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé ìtòsí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín èèyàn lálẹ́.

Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà, náà ṣiṣẹ́ ní Àrò. Ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń jó, tí ojú ń yọ lẹ́nu, tí ohun tí wọ́n kà kì í yé wọn. Brain fag ni wọ́n ń pè é. Prince kọ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1960. Lérò tirẹ̀, ìwé òyìnbó tí èèyàn ń dá jókòó kà kò bá ọmọ tí wọ́n tọ́ láàárín ẹbí mu.

Ibí yìí ni ìjà wà. Lọ́dún 1994, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ kà á mọ́ àìsàn tó jẹ́ ti àṣà àwọn kan. Bí ẹni pé orí tiwa nìkan ni ìwé ń wúwo fún! Àṣé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo orúkọ yìí kan náà nílẹ̀ wọn ṣáájú 1900, fún àwọn tí ìwé àpọ̀jù ti rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tó kó ìdánwò wá ló kó orúkọ àìsàn rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n tún ìwé Amẹ́ríkà yẹn ṣe ní 2013, wọn ò yà á sọ́tọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti Prince gún mi lọ́kàn: dídá jókòó. Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa dá wà. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní dókítà lórí fóònù, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mò ń yẹ́ ẹ sí ni, àṣé ẹrù ni mò ń dì lé e lórí.

Nílẹ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀lé e lọ sí kílíníìkì. Lẹ́yìn náà, àwa mẹ́ta tó kù pín iṣẹ́: ẹnì kan ń se oúnjẹ, ẹnì kan ń bá a rìn nírọ̀lẹ́, èmi ni mò ń pa iná láago méjìlá. Ó fi kọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀ di sáà tó tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù ìṣègùn ọdún yẹn kọjá lójú rẹ̀. Ó dùn ún, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ń sùn.

N ò pè é ní dókítà mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣàdédé kọjú sí mi, ó ní, "Àbúrò, ó ń wọlé."

Ẹ̀yin náà, ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń gbé bóyá ó sùn lánàá.